Ojú Ẹ̀rọ Tó Mọ Ermes

Láti inú kùrukùru ni ọkùnrin náà ti yọ, ife kọfí kan lọ́wọ́ rẹ̀, ife náà sì ń lu àwo abẹ́ rẹ̀ gbàkà-gbàkà bí eyín ẹni tí òtútù mú. Òwúrọ̀ kan ní oṣù kẹwàá ni, irú òwúrọ̀ tí èèyàn kì í rí imú ara rẹ̀ ní gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Padova. Orsola Bortolami kúnlẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, ó ń da omi náítírójìn sínú àgbá ẹ̀rọ rẹ̀, omi tó tutù débi pé ó ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Èéfín funfun rẹ̀ ti bo Orsola dé ìbàdí. Kùrukùru wà níta, kùrukùru wà nínú ilé, àárín méjèèjì ni ọkùnrin yìí dúró sí, ó ga, ó tínrín bí òpó okùn aṣọ, ojú rẹ̀ sì là rekete bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ṣé ibí ni wọ́n ti ń..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Orsola gbójú sókè wò ó. Ife fò, kọfí dà, ó dà sórí bébà tí Orsola fi odindi ọjọ́ mẹ́rin kọ nọ́ńbà sí.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ìfẹ́ máa ń wọlé pẹ̀lú òórùn òdòdó, ẹ lọ gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹni tó sọ fún yín. Kọfí ló bá wọlé níbí, kọfí gbígbóná tí kò ní ṣúgà.

"Ẹ wo nǹkan tí ẹ ṣe!" Orsola ké.

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni."

"Mo rí i pé ọwọ́ yín ni. Ṣé mo ní ọwọ́ ẹlòmíràn ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, Orsola náà kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ermes Favaretto ni orúkọ rẹ̀. Ilé kejì ló ti wá, ilé tó wà lódìkejì oko ẹ̀fọ́ radíkìò, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe oògùn tó ń tan ìtànṣán fún àwọn ilé ìwòsàn. Ilé ti Orsola wà lẹ́sẹ̀ ilé gogoro tí ẹ̀rọ ńlá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ta átọ̀mù lu átọ̀mù bí ẹni ń sọ òkò, kí wọ́n lè mọ ohun tó so kóró inú wọn pọ̀. Àwọn tibí máa ń pe àwọn tọ̀hún ní alásè. Àwọn tọ̀hún máa ń pe àwọn tibí ní oníbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ níṣẹ́.

"Ẹ̀yin alásè," Orsola ní bó ti ń fi aṣọ nu bébà náà, "ṣé bí ẹ ṣe ń gbé oògùn náà nìyẹn?"

"Ọwọ́ irin la fi ń gbé oògùn, wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Oúnjẹ wa máa ń wo èèyàn sàn. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti sè láti ọdún yìí?"

"Ìbéèrè."

"Ó dùn?"

"Ó dùn ju kọfí tí ẹ dà sí mi lórí iṣẹ́ lọ."

Bàbá Sante rẹ́rìn-ín lẹ́yìn pẹpẹ irinṣẹ́ títí ó fi wúkọ́. Òun ló ń tún àwọn ẹ̀rọ ilé náà ṣe, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé gogoro náà. Nígbà tí Ermes lọ tán, ó yọ orí jáde. "Ọmọ mi, o rí ọwọ́ yẹn? Ìwọ ló mú un gbọ̀n. Ọwọ́ tèmi náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyàwó mi. Ó sì tọ́ kó gbọ̀n. O ò mọ obìnrin yẹn."

Láti ọjọ́ kejì, bí aago bá ti lu mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ermes á dé pẹ̀lú kọfí. Ìdajì rẹ̀ á wà nínú ife, ìdajì á wà nínú àwo. Orsola á da ti inú àwo padà sínú ife, á mu ún, á sì máa bú u. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ yí i.

Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ gba etí odò Brenta. Ermes á máa làágùn nínú òtútù tó ń mú àwọn ẹlòmíràn wọ ìbọ̀wọ́ méjì. Nígbà kan ó dúró, ó mú ọwọ́ Orsola, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀. Ọkàn náà ń sáré bí alùpùpù tí wọ́n jí gbé.

"Gbọ́ ọ, ìṣúra mi. Ìwọ lo fa gbogbo èyí."

Orsola kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ń gba ògiri kọjá. Akọ̀wé báńkì tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sùn lé e léjìká nínú sinimá, ó sì hanrun. Kò sí ọkùnrin kankan tó gbọ̀n nítorí rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá fi í jẹ alákòóso ìlú lọ́jọ́ náà, kò ní dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ó mú Ermes lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú. Gemma, ìyá rẹ̀, ti ro polẹ́ńtà, ọkà àgbàdo wọn, ó ti se panla pẹ̀lú wàrà àti àlùbọ́sà. Ermes jẹ àwo mẹ́rin. Gemma káwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó.

"Ibo lo ń gbé e sí? Mo sin ẹlẹ́dẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, mo mọ bí oúnjẹ ṣe ń hàn lára. Tìẹ kò hàn níbì kankan."

"Màmá!" Orsola ní.

"Jẹ́ kí n béèrè, èmi ni mo se panla. Ọmọkùnrin, ṣé ara rẹ le? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú bàbá ọmọ yìí lórí ibùsùn. Mo gbé e lọ sí ilé ìgbẹ́, mo gbé e bọ̀. Ẹ̀yìn mi yìí ti tán. Àárẹ̀ àná kò tíì kúrò lára mi, mi ò lè gba ti àna tuntun kún un."

Fọ́ọ̀kì Ermes kan àwo lẹ́ẹ̀mẹta, wéré-wéré. Ó gbé e kalẹ̀.

"Ara mi le, Màmá," ó ní.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Orsola pé òun ń lọ bá àbúrò bàbá òun la igi lórí òkè. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò. Kò kọ lẹ́tà, kò tẹ̀ ẹ́ láago. Nígbà tó padà dé, Orsola rí i láàárín oko ẹ̀fọ́, ó sáré sí i, ó la apá méjèèjì. Ermes fẹsẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na ọwọ́ síwájú bí ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró.

"Má sún mọ́ mi. Òtútù mú mi."

"Òtútù wo? O ò wúkọ́, o ò fọnkun."

"Ó wà nínú."

Láti ìgbà náà kò wọ yàrá ìwádìí mọ́. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kan gíláàsì fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì, á gbé ife sí etí fèrèsé níta, á dúró títí Orsola á fi gbójú sókè, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, kùrukùru á sì gbé e mì. Orsola á ṣí fèrèsé, á mú ife. Kò yé e. Ta ló ń gbé kọfí fún ẹni tí kò fẹ́ mọ́? Ta ló sì ń sá fún ẹni tó ń gbé kọfí fún?

Ohun mìíràn tún wà. Wọ́n ti gbé ojú ẹ̀rọ tuntun jáde nínú àpótí rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé nígbà tí Ermes kò sí nílé. Ojú ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìtànṣán tí ojú èèyàn kò lè rí ni ó ń rí, ó sì ń ka á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí wọ́n to bíríkì òjé yí i ká kó má bàa máa wo ìwòkuwò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó òjé náà bọ̀ pẹ́. Nítorí náà ojú náà wà ní ìhòòhò, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ilẹ̀ ti lágbára jù.

Ní òwúrọ̀ kan, iké kan yọ lórí ìlà tí ẹ̀rọ náà ń yà sára gíláàsì rẹ̀. Ó yọ bí ìgbà tí ológbò bá gbé ẹ̀yìn sókè lábẹ́ ìbora, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó dẹ́kun. Orsola mọ orúkọ iké náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Áyódíìnì ni, irú èyí tó ń tan ìtànṣán.

"Bàbá Sante, ta ló gbé áyódíìnì wọlé?"

"Èmi kọ́ o. Eyín àtọwọ́dá mi nìkan ni mo gbé wọlé."

Orsola fọ ilẹ̀. Ó fọ tábìlì. Ó gbé àga jáde. Ó gba aago ọwọ́ Bàbá Sante, ó gbé e síwájú ojú ẹ̀rọ, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí bàbá náà yọ eyín rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìyàwó mi pàápàá kò rí ẹnu mi báyìí."

"Ẹ yọ ọ́, Bàbá, iṣẹ́ ni."

Eyín kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kejì, iké náà tún yọ, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹta bákan náà. Orsola gbé ife kọfí síwájú ojú ẹ̀rọ, ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ife kò jẹ̀bi. Ẹni tó gbé ife wá ló kù.

Ó sọ fún ọ̀gá wọn pé òun rí áyódíìnì, kò sì sọ ẹni tó ń gbé e wá. Ọ̀gá fajú ro. "Láti ilé àwọn alásè ni. Ohun kan ń jò níbẹ̀. Kọ ìwé rẹ̀ fún mi, kó má kọjá ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó ní kí wọ́n ti ilé náà pa."

"Wọn kì í se áyódíìnì níbẹ̀," Bàbá Sante kùn nígbà tí ọ̀gá lọ. "Mo mọ gbogbo ìkòkò wọn."

Orsola jókòó síwájú ìwé náà, kò lè kọ ọ́. Tó bá kọ ọ́, ó lè ba iṣẹ́ ọkùnrin rẹ̀ jẹ́. Tí kò bá kọ ọ́, ó ń purọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ tó fẹ́ràn láti kékeré. Ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ló bá ń wọn nǹkan. Lójoojúmọ́, ó ń kọ gíga iké náà sílẹ̀. Nítorí pé wèrè ni ìfẹ́ ń sọ èèyàn dà, ó tún ń fi síríńjì wọn kọfí tó dà sínú àwo.

Méjèèjì ń dín kù! Iké ń relẹ̀, kọfí inú àwo ń dín. Ọwọ́ Ermes kò gbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Orsola wo nọ́ńbà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ó dá a lójú pé òun ń wo bí ìfẹ́ ọkùnrin kan ṣe ń tán lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà, lórí bébà tí wọ́n fa ìlà sí.

Ọjọ́bọ̀ ló fi ojú oníṣẹ́ wò ó. Áyódíìnì inú ìgò máa ń dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni tibí fi dín sí ìdajì. Orsola tún un kà. Ọjọ́ mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé ó ta sára aṣọ ni, tàbí sára bàtà, ọjọ́ mẹ́jọ ni ì bá jẹ́. Nǹkan kan ń kó díẹ̀ dànù nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nǹkan tó ń mí, tó ń làágùn, tó ń tọ̀.

Ó sáré dìde débi pé àga ṣubú.

"Bàbá Sante! Kò sí lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ló wà!"

Bàbá náà wò ó pẹ̀lú àánú. "Kí lo mu láàárọ̀?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, Orsola kò dúró nínú ilé. Ó dúró sábẹ́ igi kákì tó wà lẹ́yìn fèrèsé, igi tí ewé rẹ̀ ti tán, tí èso pupa sì ṣẹ́kù lórí rẹ̀ bí àtùpà. Ermes yọ pẹ̀lú ife. Ó rí i, ó dúró, ó fẹsẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

"Mélòó ni dókítà sọ?" Orsola bi í. "Mítà méjì?"

Ife lu àwo lẹ́ẹ̀kan péré. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú ẹ̀rọ. Àràárọ̀ ló ń rí ọ. O ń tàn bí fìtílà ilé ìjọsìn."

"Ojú ẹ̀rọ ṣáà wà nínú àpótí nísàlẹ̀ ilé!"

"Wọ́n gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí o lọ la igi. Igi wo lo là, Ermes? Sọ òótọ́ fún mi."

Ó gbé ife sílẹ̀ lórí koríko. Ó sọ òótọ́ níbẹ̀, nínú kùrukùru, láti mítà méjì. Gẹ̀gẹ̀ ni, irú èyí tí kì í wú síta, tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù nínú ọrùn. Ó ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fún un ní áyódíìnì mu nílé ìwòsàn kó lè pa gẹ̀gẹ̀ náà, wọ́n sì ní kó jìnnà sí àwọn èèyàn fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ilé iṣẹ́ wọn mọ̀, òun ló sì gbà á láyè láti padà síbi ìwé kíkọ nìkan.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lórí panla. Ìwé dókítà wà nínú àpò mi nígbà yẹn."

"Ìyẹn nìkan?"

Ermes wolẹ̀. "Rárá. Dókítà jókòó tì mí, ó ka àwọn àmì náà fún mi. Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ọkàn á máa sáré. Èèyàn á máa làágùn, kò ní lè sùn, á máa jẹun láìyó. Orsola, gbogbo ohun tí mo sọ fún ẹ pé ìwọ lo fà ló kà kalẹ̀, kò fo ọ̀kan. Mo wá ń rò ó pé èwo ni tìrẹ, èwo ni ti ọrùn mi? Tí oògùn bá ṣiṣẹ́, tí ara mi bá rọlẹ̀, kí ló máa kù? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ẹ. Mi ò fẹ́ fi àìsàn fẹ́ ìyàwó."

Nǹkan kan dá nínú Orsola. Ó ti fẹ́ràn gbígbọ̀n ọwọ́ yẹn ju ohunkóhun lọ.

"Nítorí náà, gẹ̀gẹ̀ ló fẹ́ràn mi," ó ní.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo sọ?"

"Mi ò mọ̀, ìṣúra mi. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀."

Orsola yíjú, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé láìgba àyè, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Gemma ń ro polẹ́ńtà. Ọmọ jókòó sórí àpótí igi ìdáná, ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹkún ń dà. Gemma ń ro lọ, nítorí polẹ́ńtà kì í dúró de ẹkún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ibi gẹ̀gẹ̀, èjìká ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Gẹ̀gẹ̀! Òun ló ń jẹ panla mi láwo mẹ́rin! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irú rẹ̀. Ó lo oògùn, ó sanra bí àgbá wáìnì, ó gbé ọkọ méjì sin. Ìyẹn ni ẹ̀ ń pè ní àìsàn?"

"Màmá, kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Kì í ṣe èmi ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n fún."

Gemma gbé igi ìrokà sókè kúrò nínú ìkòkò, ohun tí kò ṣe rí. "Tẹ́tí sí mi. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ wá bá mi níbi ijó, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ funfun bí wàrà, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó ń rì sódò. Mo sọ fún gbogbo abúlé pé ẹ wá wo ọkùnrin tí ẹwà mi fẹ́ẹ̀ pa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó ló tó jẹ́wọ́ fún mi. Bàtà àbúrò rẹ̀ ló yá wọ̀, kò gbà á lẹ́sẹ̀, kò sì tíì jẹun láti àná. Ebi àti bàtà ni, ọmọ mi! Ebi àti bàtà ni mo fẹ́!"

Orsola bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún, ikun sì tú jáde nímú rẹ̀.

"Ṣé mo dá a padà?" Gemma bi í. "Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn tán, ó ṣì ń wá. Ohun tí mo wò nìyẹn. Èmi tí mo ń sọ pé ẹ̀yìn mi ti tán, ṣé o rò pé mo kábàámọ̀ ọdún mẹ́sàn-án yẹn? Mò ń kùn ni. Kíkùn ló ń mú ara mi gbóná. Lọ nu imú rẹ, kó o sì sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé kó wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Tábìlì wa gùn."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Orsola kọ ìwé ọ̀gá. Ó kọ ọ́ pé ilé àwọn alásè mọ́, pé a ti mọ ibi tí ìtànṣán náà ti ń wá, pé àṣírí ìlera ẹnì kan ni, dókítà ilé iṣẹ́ sì mọ̀ sí i, pé ìtànṣán náà ń tán lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró sẹ́nu oko ẹ̀fọ́ títí Ermes fi jáde.

"Má ṣe ṣèlérí kankan fún mi," ó ní láti mítà méjì. "Máa bọ̀ bí o ṣe ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ẹ̀rọ kò bá rí ọ mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣì gbé ọ wá, ká sọ̀rọ̀. Tí kò bá gbé ọ wá, n kò ní bínú."

"Wàá bínú."

"N ó bínú gan-an. Ṣùgbọ́n n kò ní wá ọ wá."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fi Ermes sí ìparí tábìlì bí ẹni tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Gemma sì ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ti àwo sí i. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ́n sún àga rẹ̀ wá síwájú díẹ̀. Ó ń sanra. Láàárín oṣù Kejìlá, dókítà ní kó máa lọ sáàárín èèyàn bó ṣe wù ú.

"Dókítà ní ó ti tó," Ermes sọ lójú fèrèsé.

"Dókítà ní aláìsàn púpọ̀ tó ń wò. Ojú ẹ̀rọ mi kò ní ju aláìsàn kan lọ. Dúró síbẹ̀."

Bíríkì òjé dé lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì. Bàbá Sante tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́.

"Ṣé ká bo ojú yìí wàyí?"

"Ẹ má tíì bò ó, Bàbá."

"Oṣù mélòó la fẹ́ fi máa wo ọkùnrin kan?"

"Ẹ̀yin tí ẹ fi ogójì ọdún wo ìyàwó yín ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ dẹ́kun," bàbá náà ní, ó sì jókòó lé òjé.

Iké di òkìtì, òkìtì di èérún. Ní oṣù Kejì, Orsola ní láti fi ìka tọ́ka sí i kó tó lè rí i. Ẹ̀rù wá ń bà á lọ́nà tí kò retí. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa rí ọkùnrin náà lórí gíláàsì kó tó rí i lójú fèrèsé. Tí iké yìí bá lọ tán, kí ló máa sọ fún un pé Ermes ń bọ̀?

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kùrukùru ti ń fúyẹ́, ẹ̀ka igi kákì hàn kedere. Aago lu mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà orí gíláàsì tẹ́jú bí oko. Orsola kò gbójú sókè. Ó ń dúró de kíkàn méjì lára fèrèsé. Kò gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di mọ́kànlá. Ó di méjìlá. Ìlà tẹ́jú. Bàbá Sante ń wo bàtà ara rẹ̀. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, Orsola gbójú sókè, fèrèsé ṣófo, kò sí ife kankan níbẹ̀.

"Ó dáa," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ kó òjé wá, Bàbá."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ermes ló wọlé, ó gba ẹnu ọ̀nà tí kò gbà láti oṣù kẹwàá. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin, nítorí pé ó bu kọfí náà kún ife dé etí pátápátá, débi pé ó yọ jáde díẹ̀ lókè ẹnu ife láìdà. Ó kọjá lára tábìlì. Ó kọjá lára òjé. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀rọ gan-an, èjìká rẹ̀ kàn án. Àwo abẹ́ ife gbẹ. Ìlà orí gíláàsì kò mì.

"Mo pẹ́," ó ní. "Tí èèyàn ò bá fẹ́ dà á, kì í lè yára rìn."

Orsola wo àwo gbígbẹ náà, ó wo ìlà náà.

"Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ mí mọ́," Ermes ní.

"Èmi mọ̀ ọ́."

"Ọwọ́ mi ti dúró. Mo ń sùn. Àwo kan ṣoṣo ni mò ń jẹ, ìyá rẹ sì ń bínú sí mi. Mo ti wá gbogbo ara mi wò, Orsola, mi ò rí gẹ̀gẹ̀ níbì kankan mọ́. Síbẹ̀, tí aago bá ti lu mẹ́sàn-án, mi ò lè jókòó." Ó gbé ife kalẹ̀ síwájú rẹ̀ láìdà, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀ bó ti ṣe létí odò. Ọkàn náà ń lù jẹ́jẹ́, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ti gbogbo èèyàn. Orsola dìde, ó sún mọ́ ọn, mítà méjì ti di ìka méjì. Ọkàn náà ta kìjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Ìyẹn ńkọ́?" ó bi í.

"Ìyẹn kì í ṣe ti ọrùn," Ermes ní. "Ṣé wàá fẹ́ mi? Mo ti sàn. Mi ò ní àwáwí kankan mọ́."

"Mu kọfí rẹ, ọmọ mi, kó tó tutù," Bàbá Sante ní, bíríkì òjé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kó o sì dá a lóhùn. Òjé wúwo."

Orsola na ọwọ́ mú ife náà kó lè rí nǹkan fi ẹnu rẹ̀ ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Bó ti gbé e sókè báyìí, ife bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwo, gbàkà-gbàkà, gbàkà-gbàkà. Ó fi ọwọ́ kejì dì í mú, ọwọ́ kejì náà ń gbọ̀n. Kọfí dà sínú àwo, ó dà sórí tábìlì, ó dà sórí nọ́ńbà oṣù mẹ́ta.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ń sọ, "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, gbà á lọ́wọ́ mi!"

Ermes gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da ti inú àwo padà sínú ife, kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀.